Iye Kan Náà, Ètò Ọ̀tọ̀: Àlàyé lórí Ṣiri Wúrà àti Àwọn Àtúntò Rẹ̀

Bí a bá mú ọ̀rọ̀ méjì péré, adé àti ọlá, tí a fẹ́ fi wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ó di dandan kí a kọ́kọ́ pinnu èyí tí yóò ṣíwájú. Baba kan lè sọ ọmọ tirẹ̀ ní Adéọlá, kí baba mìíràn sọ tirẹ̀ ní Ọláadé. Kò sí ohun tí ó wà nínú orúkọ kìíní tí kò sí nínú èkejì. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè Yorùbá tí yóò ní orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Adé tí ó jẹ́ ti ọlá ni ìkíní ń wí. Ọlá tí ó jẹ́ ti adé ni ìkejì ń wí. Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń ka ọ̀rọ̀ inú wọn níye yóò rí méjì níhìn-ín, yóò rí méjì lọ́hùn-ún, yóò sì dìde láìmọ ìyàtọ̀ wọn.

Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè, tí wọ́n ti ń ṣe adé fún àwọn ọba láti ìgbà pípẹ́ wá, mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ti lè sọ ọ́ lọ. Bí a bá ka ìlẹ̀kẹ̀ funfun, pupa àti aláwọ̀ aró fún oníṣẹ́ méjì, tí iye tí a kà fún wọn sì dọ́gba gẹ́lẹ́, ọ̀kan lè gbé adé olójú ènìyàn jáde, kí èkejì gbé adé tí ẹyẹ bà lé lórí. Ẹni tí ó bá tú adé méjèèjì palẹ̀, tí ó da ìlẹ̀kẹ̀ wọn sínú igbá, tí ó sì kà wọ́n tán, ti sọ ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nù.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ń da àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì láàmú láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ó tún gbé ojú tuntun wọ̀ ní ọdún 2015, nígbà tí a fi ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn hàn pé wúrà pàápàá, bí a bá dì í ní ṣiri kéékèèké, lè ní iye kan náà kí ó sì jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní Adó-Èkìtì àti ní ìlú tí ó yí i ká gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé èèpo kòkó tí ń jẹrà lẹ́bàá oko wọn ti di ohun èlò fún iṣẹ́ kan tí ó súnmọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí níwájú.

Fàdákà ni ó kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn náà. Láàárín ọdún 1820 sí 1830, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará ilẹ̀ Jámánì, Justus Liebig àti Friedrich Wöhler, ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí iyọ̀ fàdákà. Ti Liebig ni èyí tí a ń pè ní silver fulminate, ohun ewu tí ń bú gbàmù bí a bá fi nǹkan rà á lára lásán. Ti Wöhler ni silver cyanate, èyí tí kì í bú. Nígbà tí a tú àwọn méjèèjì palẹ̀ tí a sì wọn ohun inú wọn, ọgbọọgba ni wọ́n rí: átọ́ọ̀mù fàdákà kan, kábọ̀n kan, náítrójìn kan, ọ́síjìn kan. Liebig kọ́kọ́ rò pé Wöhler ni ó ṣi nǹkan wọ̀n. Ó tún iṣẹ́ náà ṣe, ó sì rí i pé òótọ́ ni Wöhler wí, òótọ́ ni òun náà sì wí. Láti inú àríyànjiyàn yìí ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ títí dé ọjọ́ ikú. Lónìí, a mọ ohun tí ó fà á. Nínú èyí tí kì í bú, kábọ̀n ni ó jókòó sáàárín náítrójìn àti ọ́síjìn. Nínú èyí tí ń bú, náítrójìn ni ó gba ipò àárín. Ìyípadà ìjókòó kan ṣoṣo ni ó ya ohun tí ènìyàn lè fi ṣíbí bù kúrò lára ohun tí ó lè já a ní ọwọ́.

Ní ọdún 1830 ni Berzelius, àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Súwídìn, wá orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú èdè Gíríìkì, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ “oní-ìpín-dídọ́gba”. Áísómà ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é lẹ́nu. Kí ni Yorùbá yóò pè é? Ìbejì ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Ṣùgbọ́n Táíwò àti Kẹ́hìndé a máa jọra, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì lè má jọra rárá; ìbejì kì í ju méjì lọ, nígbà tí èyí lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Àtúntò bá a mu jù, nítorí pé bí a bá tú ọ̀kan tí a sì tún un tò, òmíràn ni a ó rí. Àléébù kan ni ọ̀rọ̀ náà ní: ó lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọ̀kan ni ojúlówó, tí èkejì sì jẹ́ ayédèrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Adéọlá ti jẹ́ àtúntò Ọláadé, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọláadé jẹ́ àtúntò Adéọlá. Pẹ̀lú ìkìlọ̀ yìí, àtúntò ni orúkọ tí a lò láti ìhín lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́lé jù lọ wà nínú ẹmu. Ohun tí ń pa ni nínú ẹmu àti nínú ògógóró ni ethanol, èyí tí ó ní kábọ̀n 2, háídrójìn 6 àti ọ́síjìn 1. Bí ọ́síjìn náà bá fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ tí ó bọ́ sáàárín kábọ̀n méjèèjì, kì í ṣe ọtí ni a ní lọ́wọ́ mọ́ bí kò ṣe afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ dimethyl ether. Ethanol kì í hó títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí 78 °C. Èkejì ti ń hó ní ìwọ̀n 24 sísàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti di yìnyín pátápátá. Kò sí ọlọ́gbọ́n kan tí yóò pe méjèèjì ní ohun kan náà nítorí pé iye wọn dọ́gba.

Ohun tí olùkọ́ girama ń fi sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ju ibi yìí lọ, nítorí pé kábọ̀n ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lé. Kábọ̀n rọrùn láti yàwòrán: ọwọ́ mẹ́rin ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ ní, a sì mọ ẹni tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dì mú. Wúrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Átọ́ọ̀mù wúrà kì í na ọwọ́ oníye sí ara wọn; ńṣe ni wọ́n ń wọ́ jọ, bí ọsàn tí a kó lé àtẹ. Bí wọ́n bá sì ti pọ̀ jù, kò sí ẹni tí ó ń béèrè iye wọn. Òrùka tí alágbẹ̀dẹ wúrà rọ kò di ohun mìíràn bí átọ́ọ̀mù ẹgbẹ̀rún bá ré kúrò lára rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ àtúntò nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí iye pàtó tí a lè sọ pé ó dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí a bá sọ wúrà di kékeré púpọ̀. Ní ọdún 1857 ni Michael Faraday fi han àwọn ará London pé bí wúrà bá kúnná títí nínú omi, kì í hàn ní àwọ̀ wúrà mọ́, pupa ni ó ń hàn, bí omi ìsápá pupa. Àwọn horo tí ó wà nínú omi Faraday ṣì tóbi, wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan lè ní átọ́ọ̀mù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju èkejì lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní ń ṣe tún kéré ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń to átọ́ọ̀mù bí 25, tàbí 38, tàbí 102 jọ, láìlé kan, láìdín kan. Èyí ni a ń pè ní ṣiri níhìn-ín, bí a ti ń wí ti ṣiri èso, nítorí pé a lè ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ṣiri wúrà oní-38 kò tó nánòmítà 2 ní gígùn. Bí a bá sì pín mítà kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, ìpín kan péré ni nánòmítà.

Ìṣòro kìíní ni pé ṣiri bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ dá wà. Bí méjì bá pàdé, wọn a dà pọ̀ di ọ̀kan ńlá, títí gbogbo wọn yóò fi di ègé wúrà lásán. Ìyá ẹlẹ́kọ mọ ìṣòro yìí. Bí ó bá da ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́ kan, odidi kan ni yóò dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi ewé pọ́n ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a lè tò ó jọ kí ìdì kọ̀ọ̀kan sì máa jẹ́ tirẹ̀. Ewé tí a fi ń pọ́n ṣiri wúrà ni ohun kan tí a ń pè ní thiol, èyí tí imí-ọjọ́ wà ní orí rẹ̀ tí kábọ̀n àti háídrójìn sì jẹ́ ìrù rẹ̀. Imí-ọjọ́ fẹ́ràn wúrà púpọ̀. Orí thiol a di wúrà mú, ìrù rẹ̀ a sì kọjú sí ìta. Òórùn thiol kò dára, ẹni tí ó bá ti gbóòórùn rẹ̀ rí kì í gbàgbé.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí a rò ni pé wúrà wà nínú, ewé wà lóde, ààlà sì wà láàárín wọn. Ní ọdún 2007 ni Roger Kornberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, tẹ àwòrán ṣiri oní-102 jáde, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Imí-ọjọ́ méjì a máa yọ átọ́ọ̀mù wúrà kan kúrò lára àkójọ, wọn a gbé e sáàárín ara wọn, wọn a sì fi ṣe ìkọ́ tí ó tẹ̀ bọ ara àkójọ náà. Ìkọ́ mìíràn gùn ju èyí lọ: imí-ọjọ́ mẹ́ta àti wúrà méjì ni. Ó dà bí ẹni pé ìyá ẹlẹ́kọ bu díẹ̀ nínú ẹ̀kọ rẹ̀, ó sì fi ṣe okùn tí ó fi di ewé. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ṣiri kan ní wúrà 38, a kò tíì sọ iye tí ó wà nínú àti iye tí ó wà lára ìkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún àtúntò.

Láti mọ bí inú ṣiri ti rí, kí a ronú nípa àtẹ ọlọ́sàn ní Ọjà Ọba ní Adó. Bí a bá mú ọsàn kan, tí a sì fi òmíràn tí ó bá a dọ́gba yí i ká lókè, nísàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fara kàn án, 12 ni yóò gbà. Ọ̀kan tí ó wà láàárín sọ wọ́n di 13. Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà to àwọn 12 náà tí ojú àkójọ wọn yóò fi pín sí igun mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà ogún. Àkójọ oní-13 báyìí ni wúrà fẹ́ràn. Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé òun ni ó wà láàárín ṣiri oní-25: wúrà 13 nínú, ìkọ́ gígùn mẹ́fà lóde. Ìkọ́ kọ̀ọ̀kan ní wúrà 2 àti imí-ọjọ́ 3. Olùkọ́ lè fún àwọn ọmọ kíláàsì ní ìṣirò yìí: 13 àti 12 jẹ́ 25, ewé sì jẹ́ 18.

Ṣiri oní-38 ni ó wá gbé ọ̀rọ̀ dé. Ewé rẹ̀ jẹ́ 24. Kí ẹnikẹ́ni tó rí inú rẹ̀, Yong Pei, Yi Gao àti X. C. Zeng ní Nebraska ti fi ìṣirò sọ ọ́ ní ọdún 2008 pé àkójọ oní-13 méjì ni yóò wà nínú rẹ̀, tí wọn yóò fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tí wọn yóò sì jọ ní wúrà mẹ́ta ní ojú ibi tí wọ́n ti kan ara wọn. 13 àti 13 jẹ́ 26; mẹ́ta tí wọ́n jọ ní kò gbọdọ̀ di kíkà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà 23 ni ó kù. Ní ọdún 2010, Huifeng Qian, Rongchao Jin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Pittsburgh rí i gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: wúrà 23 nínú, ìkọ́ kúkúrú 3 àti ìkọ́ gígùn 6 lóde. Kí òǹkàwé tí ó bá ń ṣiyèméjì mú kálámù: 23, àti 3, àti 12, jẹ́ 38. Imí-ọjọ́ 6 àti 18 jẹ́ 24. Gbogbo rẹ̀ pé. Au38Q ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ Zhikun Wu ní ilẹ̀ Ṣáínà, pẹ̀lú Jin kan náà, kéde ṣiri mìíràn tí wọ́n pè ní Au38T. Wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ tí ń wọn ìwúwo mólékù. Ìwúwo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Q. Wúrà rẹ̀ jẹ́ 38, ewé rẹ̀ jẹ́ 24, ewé náà sì jẹ́ irú kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé, à bá ti sọ pé Q ni, à bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ohun tí ó tú àṣírí ni ìtànṣán X-ray. Bí a bá lè jẹ́ kí àwọn ṣiri náà tò lẹ́sẹẹsẹ di kírísítálì, bí horo iyọ̀ tí ń dán, tí a sì tan ìtànṣán X-ray sí i, ìtànṣán náà a fọ́n ká lọ́nà tí a lè fi ṣírò ipò átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ó nira jù níbẹ̀ ni kí kírísítálì tó gbà láti hù. Ọ̀pọ̀ ṣiri ni a ti ṣe tí a kò sì rí inú wọn nítorí pé wọ́n kọ̀ láti di kírísítálì.

Nínú T, àkójọ oní-13 kan ṣoṣo ni ó pé. Ní ibi tí ìkejì ìbá wà, àwùjọ wúrà 12 kan ni a dé lé e bí fìlà. Ìkọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú kò rí bákan náà. Ó ní èyí tí ó gùn tó wúrà mẹ́ta, irú èyí tí kò sí lára Q rárá. Èyí ni pé T kò jẹ́ Q tí ó tẹ̀ díẹ̀ tàbí tí ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ìpìlẹ̀ ilé náà ni ó yàtọ̀.

Ìwà wọn sì yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kan ń gbé mì kì í ṣe èyí tí èkejì ń gbé mì, nítorí pé nínú ohun kékeré bẹ́ẹ̀, ìrísí àkójọ ni ó ń sọ àtẹ̀gùn tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gùn àti èyí tí wọn kò lè gùn. Nínú iṣẹ́ yíyí nitrophenol padà, èyí tí a sábà máa ń fi dán irú wúrà bẹ́ẹ̀ wò, T ń mú kí iṣẹ́ náà yá ju bí Q ti ń ṣe lọ nígbà tí òtútù bá mú. Ẹni tí ó bá ra Q ní ìrètí iṣẹ́ T ti fi owó rẹ̀ ra ohun tí kì yóò ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí a kọ sára ìgò kò purọ́.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti ìdúróṣinṣin wọn. Bí a bá mú T sínú toluene tí a sì mú un gbóná dé 50 °C, ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò máa di Q. Ìgbóná yìí kò pọ̀ rárá. Omi tí a fi ń tẹ ẹ̀bà gbóná jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n Q kì í padà di T. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà ní, bí iyán tí a gún, tí kò lè padà di iṣu. Ìdí rẹ̀ ni pé Q ni ó rí ìsinmi jù nínú àwọn méjèèjì. T dúró níbi tí ó wà nítorí pé ohun kan dí i lọ́nà, ooru díẹ̀ sì tó láti mú un fo ohun náà kọjá. Láti inú èyí ni ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ti jáde fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ olóoru: ọjọ́ tí a gbé ìgò sínú ilé gbígbóná, tàbí tí a gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn, lè tó láti sọ irú ohun bẹ́ẹ̀ di òmíràn láìjẹ́ pé átọ́ọ̀mù kan sọnù.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti ẹsẹ̀ òsì ní awọ kan náà, ìránṣọ kan náà, ètò kan náà. Síbẹ̀ ọ̀kan kì í wọ ẹsẹ̀ èkejì. Àwòrán inú dígí ara wọn ni wọ́n. Q pàápàá ní ti ọ̀tún ó sì ní ti òsì, nítorí pé àwọn ìkọ́ ara rẹ̀ lọ́ yí i ká bí irun tí a dì. Ní ọdún 2012 ni àwọn olùwádìí ní Geneva ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀yà tirẹ̀. Láàárín Q àti T, kò sí dígí tí ó lè sọ ọ̀kan di èkejì.

Bákan náà ni àwọn ìwé kan ń lo orúkọ àtúntò fún ohun tí kò tọ́ sí i. Ní ọdún 2016 a kéde ṣiri oní-28 méjì tí wúrà wọn dọ́gba, tí ewé wọn sì jẹ́ 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n irú ewé kan kọ́ ni a fi pọ́n wọn. Ìwé tí ó bá kọ wúrà àti imí-ọjọ́ nìkan yóò fi iye kan náà hàn. Ẹni tí ó bá ka kábọ̀n àti háídrójìn ara ewé náà yóò rí i pé iye kò dọ́gba. Ẹ̀kọ tí a fi ewé gbòdògì pọ́n àti èyí tí a fi ewé ẹ̀kọ̀ọ́kọ̀ pọ́n lè jọ dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣírò ewé pẹ̀lú ẹ̀kọ kò lè sọ pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò kéré ṣá o, nítorí ó fi hàn pé ewé lè pàṣẹ fún ohun tí a pọ́n sínú rẹ̀ bí yóò ti jókòó. Àtúntò gidi ni orúkọ tí kò yẹ ẹ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ tí ó súnmọ́ èyí jù lọ kò jìnnà sí Èkìtì. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo omi èèpo kòkó, omi èèpo obì, àní ilé aláǹtakùn pàápàá, láti sọ iyọ̀ fàdákà di horo fàdákà tí ó kúnná. Iṣẹ́ ti èèpo kòkó jáde ní ọdún 2016. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn láti lóye: àwọn ohun tí ó wà nínú omi èèpo náà ń sọ fàdákà inú iyọ̀ di fàdákà gidi, àwọn kan nínú wọn a sì dúró lára horo náà bí ewé, kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Omi náà a pọ́n, a sì di ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n ti dán horo wọ̀nyí wò lára kòkòrò àrùn àti lára ìdin ẹ̀fọn. Àgbẹ̀ tí ó ń fọ́ kòkó ní Ìkéré tàbí ní Ìjerò, tí ó ń da èèpo nù, ń da ohun tí ó wúlò nù.

Ṣùgbọ́n horo ni wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ṣiri. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ewé ara wọn sì jẹ́ àdàlù gbogbo ohun tí ó wà nínú èèpo. Kò sí iye kan pàtó tí a lè kọ fún wọn, nítorí náà kò tíì sí àyè láti béèrè àtúntò wọn. Èyí kò bu iṣẹ́ náà kù, nítorí pé pípa kòkòrò àrùn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe kíka átọ́ọ̀mù. Ibi tí ó ti yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra, yálà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni tàbí ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó, ni ìgbà tí omi rẹ̀ bá pọ́n tí ó sì yá a lára láti kọ sínú ìwé àṣekágbá pé òun ti rí ohun kan báyìí. Pípọ́n omi sọ pé fàdákà kéékèèké wà níbẹ̀. Kò sọ iye átọ́ọ̀mù, kò sì lè sọ ètò wọn. Bí èèpo kòkó ọdún yìí bá ṣiṣẹ́ tí ti ọdún tí ń bọ̀ kò sì ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì tí àwọ̀ omi fi pamọ́ ni ó yí padà, kò sì sí bí a ó ti mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ti orí horo dé orí ṣiri kò nílò wúrà. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ Terry Bigioni ní Toledo, ní Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ Nanfeng Zheng ní Xiamen, ní ilẹ̀ Ṣáínà, tẹ àwòrán ṣiri fàdákà oní-44 jáde, èyí tí ewé rẹ̀ jẹ́ 30. Àárín rẹ̀ ṣófo. Àwọn 12 tí ó yẹ kí ó yí ọsàn kan ká wà níbẹ̀, ọsàn náà ni kò sí. 20 mìíràn yí àwọn 12 náà ká, 12 tí ó kù sì wà lára ìkọ́ mẹ́fà. Ohun tí ó sì dùn mọ́ni jù níbẹ̀ ni pé ó lágbára láti pẹ́, débi pé àwọn ará Toledo ṣe gíráàmù 140 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú iṣẹ́ tí a sábà máa ń fi mílígíráàmù wọn èrè rẹ̀. Silver nitrate ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, iyọ̀ kan náà tí àwọn ọmọ girama ń rọ díẹ̀díẹ̀ sínú túùbù ìdánwò láti fi wá chloride.